Ìtàn Epo Bẹntiróò Tó Mọ́ ní Nàìjíríà: Iye Tó Ń Náni àti Èrè Rẹ̀ fún Afẹ́fẹ́ Alímọ̀ṣọ́

Ìfáárà

Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Alímọ̀ṣọ́ ni èrò pọ̀ sí jù lọ. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn 1,277,714 níbẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ kò gba iye yẹn wọlé. Tiwọn jẹ́ 2,047,026. Èyí ó wù kí a mú nínú méjèèjì, ó ju ọ̀pọ̀ ìlú ńlá lọ. Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá, Ìgàndò, Ìdímù, Ìpájà àti Ayọ̀bọ̀ ti fara kan ara wọn débi pé àjèjì kò lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ọ̀pọ̀ ará àdúgbò wọ̀nyí ló ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà, Oshòdì, Àpápá àti Erékùṣù Èkó, tí wọ́n sì ń padà wálé lálẹ́. Danfó, kórópe, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọ̀kadà ló ń gbé wọn. Nígbà tí ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 ní oṣù kẹfà ọdún 2022, Alímọ̀ṣọ́ kò sí lára wọn. Bí iná mànàmáná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù àti ilé yóò tàn.

Epo bẹntiróò ni púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ń mu. Ohun yòówù tí wọ́n bá fi sílẹ̀ nínú epo náà níbi tí wọ́n ti fọ̀ ọ́, ojú ọ̀nà Ìkòtún àti ẹ̀yìnkùlé Ẹgbẹ́dá ni yóò ti jáde ní èéfín. Ìtàn tí a fẹ́ sọ níhìn-ín ni ti bí Nàìjíríà ṣe gbìyànjú, láti ọdún 2001, láti mú kí epo tí a ń rà mọ́: ìgbìyànjú àkọ́kọ́ tó yọrí sí rere, èkejì tó falẹ̀, iye tó náni, ẹni tó sanwó rẹ̀, àti ẹni tó jèrè.

Ohun tó ń ba epo jẹ́

Imí-ọjọ́ máa ń wà nínú epo rọ̀bì láti inú ilẹ̀ wá. Rọ̀bì Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan lára èyí tí imí-ọjọ́ inú rẹ̀ kéré ní àgbáyé, ṣùgbọ́n kò sí rọ̀bì tí kò ní in rárá. Ilé ìfọpo ló ń yọ ọ́. Wọ́n á da gáàsì haidirójìn pọ̀ mọ́ epo nínú ooru líle, imí-ọjọ́ á sì bá gáàsì náà jáde. Ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí wọ́n gan-an, àbójútó rẹ̀ sì ń gba owó lójoojúmọ́. Ilé ìfọpo tí kò ní in, tàbí oníṣòwò tí kò fẹ́ sanwó rẹ̀, á fi imí-ọjọ́ sílẹ̀ nínú epo.

Ìdá nínú mílíọ̀nù ni wọ́n fi ń wọn imí-ọjọ́. Bí a bá pín epo kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, tí imí-ọjọ́ sì jẹ́ 50 nínú rẹ̀, ìwọ̀n imí-ọjọ́ epo náà jẹ́ 50. Láti ọdún 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fi òpin sí 10 fún bẹntiróò àti dísù. Amẹ́ríkà náà gba 10 fún bẹntiróò láti oṣù kìíní ọdún 2017. Ní Nàìjíríà, títí di ọdún 2017, òfin gba 1,000 fún bẹntiróò àti 3,000 fún dísù.

Ọ̀nà mẹ́ta ni imí-ọjọ́ ń gbà ṣe ìpalára. Bó bá ti jó nínú ẹ́ńjìnnì, ó ń di gáàsì tó máa ń ta ọ̀fun, tó sì máa ń jí ikọ́ semúsemú dìde lára ẹni tó ní in. Bí gáàsì yìí bá pẹ́ díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, ó ń di ẹ̀rún kíkúnná tí imú kò lè sẹ́, tó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, tó sì lè dé inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé ó ń bo asẹ́ tó wà lára sàlẹ́ńsà ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Irin olówó iyebíye ni wọ́n fi ṣe asẹ́ yìí, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti sọ èéfín olóró di èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ti Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà dé pẹ̀lú asẹ́ rẹ̀, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo onímí-ọjọ́, kì í pẹ́ tí asẹ́ náà kò fi ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́.

Imí-ọjọ́ nìkan kọ́ ni ìṣòro. Bẹ́ńsìnì tó wà nínú bẹntiróò ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Manganíìsì, tí àwọn apòpò ń fi kún epo kí ẹ́ńjìnnì má baà máa kan gbàgbà, ń ba ọpọlọ jẹ́ bó bá pọ̀. Ṣáájú gbogbo wọn ni òjé ti wà.

Ọdún òjé

Ní ọdún 1921 ni Thomas Midgley, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilé iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà, rí i pé bí a bá fi èròjà òjé díẹ̀ sínú bẹntiróò, ẹ́ńjìnnì kò ní máa kan gbàgbà mọ́. Ọdún 1923 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ọdún 1924 ni òṣìṣẹ́ 5 kú ní ilé ìfọpo kan ní ìpínlẹ̀ New Jersey, níbi tí wọ́n ti ń po èròjà náà. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n èròjà náà pọ́ọ́kú, ó sì ń mú owó wọlé, ni gbogbo ayé bá gbà á. Ó ju 50 ọdún lọ kí Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù.

Ìdínkù yẹn ṣe pàtàkì fún ẹ̀kọ́ wa, nítorí níbẹ̀ ni wọ́n ti gbé owó àti ìlera epo sórí òṣùwọ̀n kan náà ní gbangba. Ní ọdún 1985, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde. Ní ọwọ́ kan, wọ́n kọ owó tí ilé ìfọpo yóò fi kún iṣẹ́ wọn. Ní ọwọ́ kejì, wọ́n kọ owó ìtọ́jú àwọn ọmọ tí òjé yóò ti bà jẹ́, owó ẹ̀kọ́ àkànṣe fún àwọn tí ọpọlọ wọn kò ní yá mọ́, àti owó àtúnṣe ọkọ̀. Èrè náà ju ìnáwó lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 1986 ni wọ́n ti gé òjé inú gálọ́ọ̀nù kan láti gíráàmù 1.1 sí 0.1, nígbà tó sì di 1996, kò sí òjé nínú bẹntiróò ọkọ̀ ojú títì mọ́.

Ní Nàìjíríà, òjé ṣì wà nínú epo ní gbogbo àkókò yẹn. Ní àwọn ọdún 1990, ikọ̀ olùwádìí kan tí Jerome Nriagu darí yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé wò ní Kàdúná. Wọ́n rí òjé tó tó nǹkan bí máíkírógíráàmù 10.6 nínú déẹ̀sílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ní ọkọ̀, tàbí tí ilé wọn wà létí títì ọlọ́dà, ni tirẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ̀rí yìí ṣe kedere: ojú títì ni òjé ti ń wá.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2001, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà pàdé ní Dakar, olú-ìlú Sẹ̀nẹ̀gà, wọ́n sì fẹnu kò pé àwọn yóò fòpin sí epo olójé. Oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni wọ́n ṣe ìpàdé ti Nàìjíríà ní Àbújá. Ní 2002, níbi àpérò àgbáyé ní Johannesburg, àjọ àyíká ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti ran àwọn orílẹ̀-èdè lọ́wọ́. Nígbà tí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2006 pé, kò sí orílẹ̀-èdè kan ní agbègbè náà tó ṣì ń ta epo olójé. Nàìjíríà ti kúrò nínú rẹ̀ kí ọjọ́ yẹn tó pé. Algeria ló ṣe ìkẹyìn ní gbogbo àgbáyé, ní oṣù keje ọdún 2021.

Ohun mẹ́ta ló mú kí iṣẹ́ yìí yá. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo orílẹ̀-èdè fi sí, kò sí ẹni tó lè sọ pé aládùúgbò òun ṣì ń rà á. Òkèèrè ni ọ̀pọ̀ epo Nàìjíríà ti ń wá nígbà náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ inú ìwé àdéhùn ìrajà ni wọ́n ní láti yí padà, wọn kò ní láti kọ́ ilé ìfọpo tuntun. Paríparí rẹ̀, òjé jẹ́ ohun tí wọ́n ń fi kún epo. Ẹni tó bá ti dáwọ́ fífi í kún un dúró ti parí iṣẹ́. Ti imí-ọjọ́ kò rọrùn bẹ́ẹ̀, nítorí yíyọ ni wọ́n ń yọ ọ́, yíyọ náà sì lówó nínú.

Ilé ìfọpo tó dákẹ́ àti epo òkèèrè

Ilé ìfọpo àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1965 nítòsí Port Harcourt. Ti Warri tẹ̀ lé e ní 1978, ti Kàdúná ní 1980, ti Port Harcourt kejì sì dé ní 1989. Àpapọ̀ agbára wọn jẹ́ àgbá 445,000 lójúmọ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àìtójú àti àìtúnṣe sọ wọ́n di aláìlágbára, orílẹ̀-èdè tó ń ta rọ̀bì fún ayé wá ń ra bẹntiróò lọ́wọ́ ayé.

Èbúté Rotterdam àti Amsterdam ní Netherlands, àti ti Antwerp ní Bẹ́ljíọ̀mù, ni púpọ̀ nínú epo náà ti ń wá nígbà náà. Níbẹ̀, àwọn oníṣòwò máa ń po oríṣiríṣi epo pọ̀ títí yóò fi bá òfin orílẹ̀-èdè tó fẹ́ rà á mu. Bí òfin olùrà bá gba imí-ọjọ́ 1,000, wọn kì í fi owó ṣòfò láti gbé e wá sí 10. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, àjọ Public Eye ti Switzerland tẹ ìwádìí kan jáde lórí òwò yìí. Wọ́n ti bu epo ní ilé epo ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 8, Benin wà lára wọn. Ju ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn dísù tí wọ́n yẹ̀ wò ló ní imí-ọjọ́ tó ju 1,500 lọ. Ìwé náà sọ pé àwọn oníṣòwò ní orúkọ tí wọ́n ń pe irú ọjà bẹ́ẹ̀: ojúlówó ti Áfíríkà. Òwò náà kò lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń gbé e lọ. Ibẹ̀ gan-an ni àbùkù wà.

Epo tó bá wọ Èkó lọ́nà yìí kì í jìnnà sí Alímọ̀ṣọ́. Láti Atlas Cove létí òkun ni ọ̀pá epo ti ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí Mọ̀símì, ẹ̀ka kan sì wọ dẹ́pò Èjìgbò, tí kò jìnnà sí Ìkòtún. Ìjẹ̀gùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkòtún, ni katakátá tó ń ṣe ọ̀nà ti lu ọ̀pá yìí ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 2008, iná sọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò. Ìjàǹbá irú èyí máa ń wọ ìwé ìròyìn. Èéfín tó ń jáde lójoojúmọ́ láti inú epo tó dé láìséwu kì í wọ ìwé ìròyìn kankan.

Bẹ́ẹ̀ ni epo náà kò dúró sí Nàìjíríà. Nígbà tí owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo mú kí ó pọ́ọ́kú níhìn-ín, àwọn onífàyàwọ́ ń fi ọkọ̀ àti alùpùpù gbé e gba Sẹ̀mẹ̀ àti àwọn ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ sí Benin, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní kpayo, tí wọ́n sì ń tà á nínú ìgò létí títì. Ìlànà tí Àbújá bá fọwọ́ sí ni èéfín Kútọnu ń tẹ̀ lé.

Àdéhùn Àbújá àti ohun tó tẹ̀ lé e

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 2016, Nàìjíríà, Benin, Tógò, Gánà àti Côte d'Ivoire pàdé ní Àbújá. Amina Mohammed ni mínísítà àyíká Nàìjíríà nígbà náà. Wọ́n fẹnu kò pé dísù tí àwọn yóò máa gbà láti òkèèrè kò ní ju 50 lọ mọ́, dípò 3,000. Àjọ àyíká ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ó ju mílíọ̀nù 250 ènìyàn lọ tí afẹ́fẹ́ wọn yóò dára sí i.

Gánà mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ ní oṣù keje ọdún 2017. Ní Nàìjíríà, àjọ SON tó ń ṣètò ìlànà ọjà kọ òṣùwọ̀n tuntun sílẹ̀ ní ọdún yẹn kan náà: 50 fún dísù, 150 fún bẹntiróò. Ó wà nínú ìwé; ṣùgbọ́n epo tí ó ń wọlé kò yí padà. Ní 2018, àjọ ìjọba Netherlands kan tó ń yẹ àyíká àti ìrìnnà wò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé epo tó ń ti èbúté wọn lọ sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní imí-ọjọ́, bẹ́ńsìnì àti manganíìsì tó ju ohun tí wọ́n lè tà fún ará ilé wọn lọ. Ní 2020, àjọ SDN, tí kì í ṣe ti ìjọba, yẹ epo wò ní agbègbè Niger Delta. Wọ́n rí i pé dísù tó wà ní ọjà ju òpin ti Yúróòpù lọ ní ìlọ́po tó tó 204, bẹntiróò sì jù ú lọ ní ìlọ́po 43.

Ní oṣù kejì ọdún 2020, àwọn mínísítà ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, pàdé ní Ouagadougou, wọ́n sì sọ ọ́ di òfin fún gbogbo agbègbè náà: imí-ọjọ́ inú bẹntiróò àti dísù tó ń ti òkèèrè wọlé kò gbọ́dọ̀ ju 50 lọ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021, àwọn ilé ìfọpo abẹ́lé sì ní àyè títí di oṣù kìíní ọdún 2025. Èyí ni ìgbà kejì tí wọ́n fi ọjọ́ sí i. Ọjọ́ náà pé, epo àtijọ́ ṣì ń wọlé.

Ìdí tó fi falẹ̀: ta ni yóò sanwó?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí ìfàsẹ́yìn yìí gbọ́dọ̀ wo ìwé owó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba ló ń fi owó ìrànwọ́ kún owó tí ará ìlú ń san ní ilé epo. Nínú ètò bẹ́ẹ̀, kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan tí epo tó mọ́ bá fi wọ́n ju ti ìdọ̀tí lọ, àpò ìjọba ni yóò ti jáde. Àpò náà sì ti ń jò tẹ́lẹ̀: ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí owó ìrànwọ́ tó tó tírílíọ̀nù ₦4 fún ọdún kan ṣoṣo. Láti 2016, fún ọdún mélòó kan, ètò pàṣípààrọ̀ ni NNPC, ilé iṣẹ́ epo ti ìjọba, lò: wọn á fi rọ̀bì fún oníṣòwò, oníṣòwò á sì gbé bẹntiróò wá. Ẹni tó ń gba rọ̀bì kò ní ìdí láti mú epo tó wọ́n jù wá bí kò bá sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ìhà kejì, ará ìlú kò fẹ́ gbọ́ nípa owó epo. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012, wọ́n gbé owó lítà epo kan láti ₦65 sí ₦141. Èkó dúró gbagidi, àwọn èèyàn kún Ọ̀jọ́ta láti fi ẹ̀hónú hàn, ìjọba sì padà wá sí ₦97. Láti ọjọ́ yẹn, ìjọba tó bá gbọ́ ohunkóhun tó lè fi náírà kan kún owó epo, ẹ̀rù ni yóò kọ́kọ́ bà á, ì báà jẹ́ nítorí ìlera.

Wàyí o, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ ti parí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ilé epo NNPC ní Èkó kúrò ní nǹkan bí ₦185, ó di ₦488. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ó di ₦855. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ₦998. Owó ọkọ̀ láti Ìkòtún dé Oshòdì lọ sókè, ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Ohun tí òpìtàn gbọ́dọ̀ ṣàkíyèsí ni pé kò sí ọ̀kan nínú àfikún wọ̀nyí tó wá nítorí pé epo mọ́ sí i. Yíyọ owó ìrànwọ́ àti ìjábọ́ náírà ló fà á. Ará Alímọ̀ṣọ́ ti san owó tí wọ́n bẹ̀rù, wọn kò sì rí epo tó mọ́ gbà fún un.

Ohun tí afẹ́fẹ́ ń gbà

Ní 2020, Báǹkì Àgbáyé tẹ ìwádìí kan jáde lórí iye tí ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ ń ná Èkó. Ìṣirò wọn ni pé ní 2018, ó tó 11,200 ènìyàn tó kú láìtọ́jọ́ nítorí afẹ́fẹ́ burúkú, iye tó pọ̀ jù ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ló pọ̀ jù nínú wọn. Owó tó bá àìsàn àti ikú wọ̀nyí lọ jẹ́ bílíọ̀nù dọ́là 2.1. Ẹ̀rún kíkúnná inú afẹ́fẹ́ Èkó tó máíkírógíráàmù 68 nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan, nígbà tí àjọ ìlera àgbáyé ní kò yẹ kó ju 10 lọ lákòókò yẹn. Ní 2021, àjọ náà tún gé e sí 5.

Ìwádìí náà dárúkọ orísun mẹ́ta pàtàkì: ọkọ̀ ojú títì, ilé iṣẹ́, àti jẹnẹrétọ̀. Alímọ̀ṣọ́ kò ní ilé iṣẹ́ ńlá bí Ìkẹjà tàbí Ìkòròdú, ṣùgbọ́n ó ní ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ yanturu. Títì Èkó sí Abẹ́òkúta gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ní Dọ̀pẹ̀mú àti Ìyànà Ìpájà. Oríta Ìkòtún àti ti Ìṣẹri kì í ṣí fún ìrìn lásìkò àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ẹ́ńjìnnì tó dúró sójú kan sì ń jó epo láìgbé ẹnikẹ́ni lọ síbì kan. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa wọn afẹ́fẹ́ Èkó ní ibi 6 láti ọdún 2020, Abẹ́sàn ní Ìpájà jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí.

A kò gbọ́dọ̀ sọ pé epo ló fa gbogbo rẹ̀. Ààtàn Solous ní Ìgàndò ń tú èéfín tirẹ̀ jáde nígbà tí iná bá mú un. Eruku ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà wà, ọyẹ́ ń gbé eruku aṣálẹ̀ wá lọ́dọọdún. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróò rẹ̀ kò ní asẹ́ kankan; bí epo rẹ̀ tilẹ̀ mọ́, gáàsì tó ń pa ènìyàn sójú oorun yóò ṣì máa jáde nínú rẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì kan sì ti yọ asẹ́ kúrò lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀, wọ́n ti tà á nítorí irin inú rẹ̀. Fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, èrè epo tó mọ́ yóò dín kù, kò ní parẹ́.

Láti 2022 sí 2024: ọ̀nà tó ń là

Ní oṣù kejì ọdún 2022, epo tí mẹtanọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà. Ọkọ̀ ojú omi mẹ́rin ló gbé e wá láti Antwerp. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́ lójú ọ̀nà, ìjọba kó epo náà kúrò ní ọjà, ìlà sì gùn ní ilé epo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àjọ NMDPRA, tí òfin epo rọ̀bì ọdún 2021 dá sílẹ̀ láti máa ṣàkóso òwò epo, ló kéde ọ̀rọ̀ náà. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí jẹ́ kí ará ìlú rí i pé wọ́n lè yẹ epo wò ní èbúté kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, kí ó ṣì jẹ́ epo burúkú, nítorí pé ohun tí wọn kò wá nínú rẹ̀, wọn kò lè rí i.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, Netherlands fòfin de kíkó epo tí imí-ọjọ́ rẹ̀ ju 50 lọ jáde láti èbúté rẹ̀, ó sì fi ààlà sí bẹ́ńsìnì àti manganíìsì. Bẹ́ljíọ̀mù ṣe bákan náà ní 2024. Báyìí ni ẹni tó ń tà ti ilẹ̀kùn ti ẹni tó ń rà kò tíì tì.

Ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kkí, tí agbára rẹ̀ jẹ́ àgbá 650,000 lójúmọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dísù ní oṣù kìíní ọdún 2024, àti bẹntiróò ní oṣù kẹsàn-án. Ní oṣù keje láàárín méjèèjì, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá NMDPRA sọ pé imí-ọjọ́ inú dísù abẹ́lé pọ̀ ju ti òkèèrè lọ. Ilé ìfọpo náà pe àwọn aṣòfin, wọ́n sì yẹ dísù wò lójú wọn: tiwọn jẹ́ 87.6, méjì tí wọ́n rà ní ilé epo sì ju 1,800 àti 2,000 lọ. Ẹni yòówù tó jàre, ọ̀rọ̀ imí-ọjọ́ tó ti wà nínú yàrá àwọn onímọ̀ di ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ní ibùdókọ̀.

Gbígbé e lé òṣùwọ̀n

Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ìnáwó epo tó mọ́ jẹ́ mẹ́rin: ẹ̀rọ tó ń yọ imí-ọjọ́, owó tí epo òkèèrè tó mọ́ fi ju èkejì lọ, yàrá ìyẹ̀wò àti òṣìṣẹ́ rẹ̀, àti ìnira ọlọ́kọ̀ tí owó epo bá lé díẹ̀ fún. Èrè rẹ̀ ni ọmọ tí kò wú ikọ́, ọjọ́ iṣẹ́ tí kò ṣòfò ní ilé ìwòsàn ńlá Alímọ̀ṣọ́ ní Ìgàndò, asẹ́ ọkọ̀ tó pẹ́, àti ẹ̀mí tó gùn.

Ìnáwó ń hàn lójú pátákó ilé epo lọ́jọ́ tó bá dé. Èrè máa ń pẹ́, ó sì ń fọ́n ká sára mílíọ̀nù ènìyàn tí kò mọ̀ pé àwọn ti gbà á. Ìdí nìyí tí ìṣirò fi ṣe pàtàkì. Nígbà tí Amẹ́ríkà fẹ́ gé imí-ọjọ́ bẹntiróò láti 30 sí 10, ìṣirò wọn fi hàn pé kò ní fi tó sẹ́ǹtì kan kún gálọ́ọ̀nù. Wọ́n ní gbogbo ètò náà, àti ti epo àti ti ọkọ̀, yóò ná nǹkan bí bílíọ̀nù dọ́là 1.5 lọ́dún nígbà tó bá di 2030, èrè ìlera rẹ̀ yóò sì wà láàárín bílíọ̀nù 6.7 àti 19. Iye ti Nàìjíríà kò lè rí bákan náà, nítorí àti 1,000 dé 50 jìnnà ju àti 30 dé 10 lọ. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ ti ná Èkó nìkan ní bílíọ̀nù dọ́là 2.1 ní ọdún 2018, àyè tó fẹ̀ wà fún èrè láti borí ìnáwó, kódà bí epo tó mọ́ bá mú kìkì ìdá díẹ̀ kúrò nínú àdánù náà.

Ìtàn òjé àti ti imí-ọjọ́ jọ fi ohun kan hàn. Òjé lọ nítorí pé ọjọ́ kan ni gbogbo agbègbè mú, tí wọ́n sì dúró tì í. Imí-ọjọ́ pẹ́ nítorí pé wọ́n yí ọjọ́ rẹ̀ padà léraléra, tí ẹni tó ń kọ òfin kò sì bu epo wò kó tó wọ tánkà. Ẹ̀rù owó ni wọ́n fi ń dá ìdádúró náà láre, bẹ́ẹ̀ owó náà wọ́n láìsí epo tó mọ́. Nítorí náà, ìdájọ́ ìtàn yìí ni pé epo bẹntiróò tó mọ́ tó iye tó ń náni, ó sì jù ú lọ, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí a kò yẹ̀ wò ní dẹ́pò àti ní ilé epo kò ní dín ẹ̀rún kan kù nínú afẹ́fẹ́ Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá tàbí Ìgàndò.